Willard Libby: Ọ̀gá kẹ́místrì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ayé mọ ọjọ́ orí Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí Leo Frobenius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí ọdún 1910, ohun tí ó rí ní Igbó Olókun yà á lẹ́nu. Ó rí orí tí wọ́n fi idẹ dà, ó rí àwọn ère amọ̀ tí ó jọ ènìyàn bí ẹni pé wọn yóò lanu sọ̀rọ̀, ó sì rí ìkòkò tí wọ́n ti fi yọ́ dígí. Dípò kí ó gbà pé àwọn baba ńlá àwọn tí ó gbà á lálejò ni ó ṣe iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí, ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé iṣẹ́ àwọn ará Átíláńtíìsì ni, ìyẹn ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní òkun gbé mì. Àwọn àgbà Ifẹ̀ mọ oríkì àwọn Ọọ̀ni wọn, wọ́n sì ń pìtàn Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, tí ó ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ní ọdún wo ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, kò sí ìwé tí wọ́n lè tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà kì í ka ẹni tí kò ní ọdún lọ́wọ́ sí ẹni tí ó ní ìtàn.

Ẹni tí yóò wá ọ̀nà àtimọ ọdún náà ti dé ayé nígbà yẹn, ó ń lọ sí ọmọ ọdún méjì. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1908 ni wọ́n bí Willard Frank Libby ní Grand Valley, ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, Ora Edward àti Eva May Libby. Ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n kó lọ sí California, ní agbègbè Sebastopol, níbi tí èso ápù ti pọ̀ bí ọsàn ṣe pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ó dàgbà di géńdé tí ó ga tí ó sì sígbọnlẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ń kan àpótí tí wọ́n ń kó èso sí láti fi tu owó jọ. Ọdún 1927 ni ó wọ Yunifásítì California ní ìlú Berkeley. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1931, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1933, wọ́n sì gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ lọ́dún kan náà.

Láti ọdún 1898 tí Marie Curie àti ọkọ rẹ̀, Pierre, ti kéde polonium àti radium, ayé ti mọ̀ pé àwọn èròjà kan wà tí átọ́ọ̀mù wọn ń fọ́ fúnra wọn, tí ìtànṣán tí ojú kò rí sì ń jáde lára wọn bí wọ́n ṣe ń fọ́. Àwọn tí ìtànṣán wọn le ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sáré tọ̀. Libby yà sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn èyí tí ohùn wọn fẹ́lẹ́, irú samarium, tí ìtànṣán wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rò pé kò sí níbẹ̀, ni ó gbà á lọ́kàn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ẹ̀rọ tí ń ka ìtànṣán, irú èyí tí Hans Geiger ará Jámánì kọ́kọ́ gbé jáde, lákòókò tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n àtigbọ́ ohun tí kò pariwo yìí ni ó gbé e dé ibi gíga nígbẹ̀yìn.

Ogun gbé e kúrò nídìí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1941, Japan kọlu Pearl Harbor. Ní ọjọ́ kejì, Libby fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún Harold Urey, ọ̀gá kẹ́místrì tí ó ti gba Ẹ̀bùn Nobel, láti bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York. Iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ni. Oríṣi uranium kan wà tí ó fúyẹ́ díẹ̀ ju èyí tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀, òun ni bọ́ǹbù nílò. Wọ́n sọ uranium di afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń fi í gba inú asẹ́ onírin tí ihò rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, léraléra, títí èyí tí ó fúyẹ́ yóò fi pọ̀ sí i. Lórí bí wọn yóò ṣe rí asẹ́ náà ṣe ni Libby lo ọdún ogun sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, bọ́ǹbù uranium bọ́ sí ìlú Hiroshima.

Lẹ́yìn ogun, Yunifásítì Chicago sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 36 ni. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí kò fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá lọ tọrọ owó pé òun fẹ́ fi ìtànṣán mọ ọjọ́ orí òkú igi, wọn yóò fi òun rẹ́rìn-ín.

Àwọn ẹlòmíràn ti la apá kan ọ̀nà náà sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1940, Martin Kamen àti Samuel Ruben rí oríṣi kábọ̀n kan ní Berkeley tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n-14. Kábọ̀n lásán kì í fọ́, ṣùgbọ́n èyí ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. (Àwọn méjèèjì kò rí ayọ̀ rẹ̀ tó bí ó ti yẹ: afẹ́fẹ́ olóró pa Ruben nínú yàrá ìwádìí ní ọdún 1943, wọ́n sì lé Kamen kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e nítorí ìfura pé kò ṣe é fi àṣírí ogun lé lọ́wọ́.) Ohun tí Libby rò ni pé kábọ̀n-14 kò ní jẹ́ ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀rọ ṣe nìkan. Ìtànṣán kan ń ti ọ̀nà jíjìn réré ní òfuurufú wá sí ayé lójoojúmọ́. Bí ó bá kọlu afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè wa, á sọ díẹ̀ lára nitirójìn rẹ̀ di kábọ̀n-14. Ewé ń fa kábọ̀n yìí mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ewúrẹ́ ń jẹ ewé, ènìyàn ń jẹ ẹran àti iṣu. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ohun ẹlẹ́mìí.

Ẹ wò ó bí ìkòkò omi tí ó ń jò. Bí ọmọ ilé bá ń pọn omi sí i láràárọ̀, tí ìwọ̀n tí ó ń jò kò sì yí padà, omi inú rẹ̀ yóò dúró síbi kan. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá dẹ́kun àtimáa pọn omi ni ìkòkò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ṣe ń jò sí yóò wo ibi tí omi kù sí, yóò sì mọ iye ọjọ́ tí wọn kò ti pọnmi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni igi àti ẹranko ṣe rí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí wà lára wọn, kábọ̀n-14 ń wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá kú, kò sí èyí tí yóò wọlé mọ́, èyí tí ó wà nínú wọn yóò sì máa tán lọ. Libby ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 5,568, ìdajì rẹ̀ yóò ti lọ. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e sọ ọ́ di nǹkan bí ọdún 5,730.

Ó rọrùn láti sọ, kíkà rẹ̀ ni wàhálà. Kábọ̀n-14 kéré púpọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo péré láàárín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù átọ́ọ̀mù kábọ̀n. Bí ènìyàn bá mú kábọ̀n giramu 1 lára igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nǹkan bí átọ́ọ̀mù 14 ni yóò fọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìtànṣán tí ń ti òkè àti ilẹ̀ wá sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Libby, pẹ̀lú James Arnold àti Ernest Anderson, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, fi irin tí ó nípọn ínṣì 8 yí ẹ̀rọ ká. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ń ka ohun tí ó lé ní 100 ní ìṣẹ́jú kan láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀. Wọ́n wá to àwọn ẹ̀rọ mìíràn yí i po bí ẹ̀ṣọ́. Bí ìtànṣán bá gba ara ẹ̀ṣọ́ kọjá kí ó tó dé àárín, wọn kò ní kà á, nítorí àlejò láti ìta ni. Ariwo náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 5. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè gbọ́ ohùn igi.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò kò lẹ́wà rárá. Ìgbẹ́ àwọn ará ìlú Baltimore ni. Afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde láti inú ìdọ̀tí náà jẹ́ láti ara oúnjẹ tí ènìyàn jẹ láìpẹ́, ó sì yẹ kí kábọ̀n-14 wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ti ara epo rọ̀bì wá, tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún, kò yẹ kí ó ní. Bí wọ́n ṣe rò ó náà ni ó rí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1947.

Ìdánwò tí ó le jù ni ti ohun tí ọdún rẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀. Igi akàṣíà láti ibojì Zoser, ọba Íjíbítì àtijọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò ní ọdún 1948. Àwọn òpìtàn ti sọ pé igi náà yóò ti tó ọdún 4,650. Ẹ̀rọ Libby sọ pé 3,979, pẹ̀lú ọdún 350 tí ó lè fi lé tàbí dín. Kò bá a dọ́gba, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Wọ́n fi àwọn igi mìíràn kún un, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1949. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn awalẹ̀pìtàn kò kọ́kọ́ fẹ́ kí oníkẹ́místrì wá máa kọ́ wọn ní ìtàn. Nígbà tí yóò fi di ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìwé tí Libby kọ lórí rẹ̀ ní ọdún 1952, èédú tí wọ́n ti ń dà nù tẹ́lẹ̀ nídìí iṣẹ́ wọn ti di ohun iyebíye. Ní ọdún 1960, wọ́n fún Libby ní Ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́místrì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀yẹ yìí yóò fi dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni inú wọn kò dùn sí i mọ́.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954, Ààrẹ Eisenhower fi í sínú ìgbìmọ̀ tí ń darí ọ̀rọ̀ agbára átọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn burú. Ní oṣù Kẹta rẹ̀, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù ńlá kan ní erékùṣù Bikini, eérú rẹ̀ sì bọ́ sórí àwọn apẹja Japan kan lójú òkun. Ọ̀kan nínú wọn kú kí ọdún tó parí. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù strontium-90, èròjà olóró tí ń ti inú bọ́ǹbù bọ́ sórí koríko, tí ń gba inú wàrà màlúù dé inú eegun ọmọdé. Libby ni ó ṣáájú ìwádìí ìjọba lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní Sunshine, orúkọ tí ó dùn létí ju iṣẹ́ náà lọ. Eegun òkú ni wọ́n ń wá káàkiri ayé, ti àwọn ọmọ ọwọ́ ní pàtàkì, wọ́n sì mú púpọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ kí òbí mọ̀. Àwọn ọdún 1990 ni ìwé ìjọba tó tú àṣírí yìí fáyé gbọ́. Ìwádìí náà fi hàn pé eérú bọ́ǹbù ti kárí ayé lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tí Libby dúró lé ni pé ewu rẹ̀ kéré sí ewu kí Amẹ́ríkà má ní bọ́ǹbù.

Láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀kan nínú àwọn ohùn tí ó ta kò ó ti dìde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1957, Albert Schweitzer, dókítà tí ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lambaréné ní Gabon, kọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kà lórí rédíò láti Oslo, ó ní kí àwọn alágbára ayé dáwọ́ ìdánwò bọ́ǹbù dúró. Libby kọ lẹ́tà gbangba láti fèsì. Linus Pauling, oníkẹ́místrì ńlá mìíràn, kò jẹ́ kí ó sinmi. Ní ọdún 1958, Pauling ṣírò rẹ̀ fún ayé pé kábọ̀n-14 tí bọ́ǹbù ń tú sínú afẹ́fẹ́ yóò ṣe ọmọ tí a kò tíì bí ní ibi. Kábọ̀n tí ó sọ Libby di ẹni ńlá ni wọ́n mú, tí wọ́n fi ń bá a jà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1959 ni ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, tí ó sì lọ sí Yunifásítì California ní Los Angeles.

Nàìjíríà náà fara kó ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù Kejì ọdún 1960 ni ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní aṣálẹ̀ Sahara, ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ wá bá wa. Nígbà tí wọ́n yin ẹ̀kẹta ní oṣù Kejìlá, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò nílùú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961. Ní ọdún 1961 yìí kan náà, Libby ń kọ ọ́ sínú àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ wọn pé owó kékeré ni ènìyàn lè fi gbẹ́ ibi ìsádi lọ́wọ́ eérú bọ́ǹbù sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi nǹkan bí 30 dọ́là ṣe tirẹ̀ ní Bel Air, ní Los Angeles. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá, iná igbó jó àdúgbò náà, ó sì jó ibi ìsádi yìí. Àwọn alátakò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbàgbé.

Bọ́ǹbù náà sì ba aago tí Libby ṣe jẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1963, tí àwọn alágbára fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní yin bọ́ǹbù lójú òfuurufú mọ́, kábọ̀n-14 inú afẹ́fẹ́ apá àríwá ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kì í fi í ka ọdún sẹ́yìn láti òní. Ọdún 1950 ni wọ́n ń pè ní òní títí di báyìí.

Àkókò àríyànjiyàn yìí náà ni aago rẹ̀ dé Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, wọ́n ti hú àwọn orí idẹ tí ó lé ní mẹ́wàá jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lẹ́yìn ààfin. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó rí àwọn ère idẹ, Ọọ̀ni kan tí ó wọ aṣọ oyè sì wà lára wọn. Frank Willett bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ níbẹ̀. Idẹ fúnra rẹ̀ kò ṣe é bi léèrè ọjọ́ orí nípa ọ̀nà Libby, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ó fìgbà kan ní ẹ̀mí. Èédú ni wọ́n ń wá, èédú iná tí ẹnìkan dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà alápàáàdì tàbí nínú kòtò tí wọ́n sin nǹkan sí. Wọ́n ṣà á pẹ̀lú ìṣọ́ra, wọ́n dì í, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn yàrá ìwádìí ní òkè òkun.

Èsì tí ó padà wá láti Ìta Yemòó tọ́ka sí ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkejìlá. Èédú inú àwọn kòtò ní Ọ̀run Ọba Adó, ibi tí wọ́n sọ pé wọ́n ń sin orí àwọn ọba Ìbíní sí, lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, dé ọ̀rúndún kẹfà. Ekpo Eyo walẹ̀ ní Láfogído ní ọdún 1969, Peter Garlake sì walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbàlárá àti Wóyè Àsírí láàárín ọdún 1971 sí 1973. Láti ọ̀rúndún kejìlá dé ìkẹrìnlá ni èédú ibẹ̀ ń sọ. Gbogbo rẹ̀ ti wà kí ọkọ̀ ojú omi Potogí kankan tó dé etíkun wa ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rọ̀ pé òyìnbó ni ó kọ́ Ifẹ̀ ní iṣẹ́ idẹ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ní ti Átíláńtíìsì, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ nílò láti dá a lóhùn mọ́.

Ní ìtòsí Àkúrẹ́ ni aago náà ti sọ èyí tí ó jìn jù. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn hú egungun ènìyàn kan jáde nínú ihò àpáta tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ihò Eléérú. Èédú tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ fi hàn pé ó ti lé ní ọdún 11,000.

A kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo èyí sọ Libby di aláìṣìṣe. Ohun tí ó gbà lọ́kàn ni pé ìtànṣán tí ń ti òfuurufú wá kò yí padà rí. Nígbà tí Hans Suess àti àwọn mìíràn ka òrùka ara àwọn igi tí ó ti wà láyé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n rí i pé ó ń yí padà, ó ń pọ̀, ó ń dín. Kò yá Libby lára láti gbà. Àṣìṣe yìí wà lára ìdí tí igi ọba Íjíbítì fi kéré lọ́jọ́ orí lójú ẹ̀rọ rẹ̀, òun náà ni ó sì mú kí wọ́n máa tún ọdún Ifẹ̀ ṣírò láti ìgbà náà wá. Àtúnṣe náà sún ọdún mélòó kan síwájú tàbí sẹ́yìn, kò gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ. Kódà ní Igbó Olókun tí Frobenius ti bẹ̀rẹ̀ àròsọ rẹ̀, Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tún walẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2010, wọ́n sì rí ẹ̀rí pé láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń fi ọgbọ́n tiwọn yọ́ dígí níbẹ̀.

Libby lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ ní Los Angeles. Òun àti Leonor, ìyàwó rẹ̀ tí ó bí ìbejì obìnrin fún un, kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1966, ó sì fẹ́ Leona Woods Marshall, onímọ̀ físíìsì tí ó ti bá wọn ṣe ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Chicago nígbà ogun. Ọdún 1976 ni ó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú ẹ̀dọ̀fóró pa á. Ọmọ ọdún 71 ni.

Ní ọdún 1980 yẹn náà, àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ wà lẹ́nu ìrìnàjò nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti Detroit ni àfihàn náà ti bẹ̀rẹ̀ tí ó fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ekpo Eyo àti Frank Willett ni wọ́n jọ kọ ìwé rẹ̀, ọdún sì wà lábẹ́ orúkọ orí kọ̀ọ̀kan.